Orúkọ ara kẹ́ẹ̀gì ni kí n máa tẹ̀lé, àbí nọ́ńbà tó wà lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì?

ỌmọÌtòkú06

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Toyota Corolla 2006 tòkúnbọ̀ ni mọ́tò tí mo fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ni, 1.8, ọtọmátíìkì, ó sì ti rin kìlómítà 214,000. Ìtòkú sí Òkè-Mosàn ló ń lọ lójoojúmọ́, kò sì sí bó ṣe lè yẹ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọ̀ àti Pánsẹ́kẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń gba Ọ̀dẹ̀dá lọ sí Ìbàdàn.

5W-30 ni wọ́n kọ sórí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Mẹkáníìkì ní 20W-50 nìkan ló lè gbà á nínú ooru ilẹ̀ wa. Ó tún ní ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí n máa ra ọ́ìlì wọn títí lọ, pé ọjọ́ tí mo bá yí orúkọ padà ni ẹ́ńjìnnì máa nọ́ọ̀kì. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé orúkọ ńlá tó ti òkè òkun wá sàn ju èyí tí wọ́n ń pò nílé lọ? Báwo sì ni èèyàn ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ lórí igbá? Ẹ jọ̀ọ́, àlàyé tí ọwọ́ lè tẹ̀ ni mo fẹ́.

---

MẹkáníìkìAsẹ́rò

Ẹ kú ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń náni lówó jù láìnídìí. Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀wé kà. Ohun tó mọ̀ ni bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná, bó ṣe yára gun òkè tó lẹ́yìn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ táàtì, àti èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àkọlé wínníwínní tó wà lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì. Àwòrán iwájú ò sọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ wo 5W-30. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí nǹkan bá tutù. Èyí tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó tó bá ti gbóná dé 100°C. Nínú òṣùwọ̀n SAE, ọ́ìlì 30 gbọ́dọ̀ wà láàárín 9.3 sí 12.5 cSt (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí nǹkan ṣe ki tó) ní ìwọ̀n ooru yẹn, ọ́ìlì 50 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 16.3 sí 21.9. Àwọn èèyàn máa ń gbọ́ 50 bí ẹni pé agbára ni wọ́n ń kà. Kíki ni wọ́n ń kà. Pé ọbẹ̀ kan ki ju èkejì lọ kò sọ pé òun ló dùn jù.

Ti ooru ilẹ̀ wa ńkọ́? Tẹmọsítáàtì ló ń pinnu bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe máa gbóná tó. Ti 1ZZ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84°C, bó jẹ́ Abẹ́òkúta lo wà ni o, bó jẹ́ Japan ni o. Tí rédíétọ̀ bá mọ́, tí fáànù méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́, oòrùn 35°C tó wà níta kọ́ ló máa sọ ọ́ìlì 30 di omi. Ibi tí 20W-50 ti ń fìyà jẹ ẹ́ńjìnnì yìí ni òwúrọ̀. Ní 40°C, 5W-30 máa ń wà ní nǹkan bíi 60 cSt, 20W-50 sì máa ń sún mọ́ 160. Kí èyí tó ki tó bẹ́ẹ̀ tó gun òkè dé kámṣáàfù (irin tó ń ṣí fáàfù lókè ẹ́ńjìnnì), irin ti ń lọ irin.

VVT-i tún wà níbẹ̀. Ọ́ìlì ló ń yí jíà kámṣáàfù kí táímìn lè lọ síwájú tàbí padà sẹ́yìn. Inú fáàfù kékeré kan ni ọ́ìlì ń gbà, ajọ̀ wínníwínní kan sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ki jù tàbí tó dọ̀tí, ajọ̀ yẹn á dí. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n lójú kan, kò ní fà mọ́, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, kóòdù P0011 tàbí P0012 á jáde. Ọ̀pọ̀ ló ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ àti plọ́ọ̀gì nítorí ohun tí ọ́ìlì tó yẹ àti ajọ̀ tó mọ́ ìbá yanjú.

Ẹ tún wo API, ìpele tí wọ́n fi ń sọ bí ọ́ìlì ṣe dáa tó. Lẹ́tà méjì ni: SL ti ọdún 2001, SM ti 2004, SN ti 2010, SP ti 2020. Èyí tó dé kẹ́yìn ń ṣiṣẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà Corolla 2006 lè mu SL, SM, SN tàbí SP. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ SF sí ni kí ẹ sá fún, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe kí ọdún 1988 tó parí ni SF wà fún, ó sì ṣì pọ̀ lọ́jà wa títí di òní. Ibi tí ọ̀rọ̀ orúkọ ti ń tú ká nìyí: ilé-iṣẹ́ kan náà lè máa ta 20W-50 SF àti 5W-30 SP nínú kẹ́ẹ̀gì tó jọra. Ẹni tó bá ní ọ́ìlì ilé-iṣẹ́ báyìí-báyìí lòun ń lò kò tíì sọ nǹkan kan.

Ti pé bí a bá yí orúkọ padà, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì: rárá. Ara ohun tí ọ́ìlì tó gba ìwé àṣẹ API gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó lè pò mọ́ ọ́ìlì ilé-iṣẹ́ mìíràn láìdì, láìyapa. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹrẹ̀ ọ́ìlì ti kún inú ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀. Ọ́ìlì tuntun tí èròjà ìfọ̀ inú rẹ̀ lágbára á tú ẹrẹ̀ yẹn, ẹrẹ̀ á lọ dí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù nínú sọ́ńpù (àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì), ọ́ìlì kò ní gun òkè mọ́. Wọ́n á wá di ẹ̀bi ru orúkọ tuntun.

---

Ẹ̀gbọ́nỌbáńtokò

Àbúrò mi Asẹ́rò, gbogbo ohun tí o sọ nípa nọ́ńbà ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó ní kí wọ́n dúró sójú kan, ìdí wà fún un, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ń lo ọ́ìlì kan náà, nọ́ńbà kan náà, fún ọdún méjì, ó ti mọ ìwà mọ́tò rẹ̀. Ó mọ ibi tí ọ́ìlì máa wà lórí géèjì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì) ní kìlómítà 3,000, ó mọ ohùn ẹ́ńjìnnì láàárọ̀. Ọjọ́ tí géèjì bá lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ló ti yí padà. Ẹni tó ń ra mẹ́rin lọ́dún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá láti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀, kò lè mọ̀ bóyá ọ́ìlì ni tàbí ríìngì. Nítorí náà, mo fara mọ́ kí èèyàn dúró ti ọ́ìlì kan. Kó ṣáà mọ ohun tó dúró tì.

Lórí 20W-50, kì í ṣe májèlé. Nínú ìwé àwọn Toyota kan tí wọ́n ń tà nílẹ̀ olóoru, 15W-40 àti 20W-50 wà nínú àtẹ ohun tí wọ́n lè lò. Ẹ́ńjìnnì tí bíárì rẹ̀ ti jẹ, tí iná ọ́ìlì rẹ̀ ń ṣẹ́jú nígbà tó bá gbóná tó sì dúró lójú kan, ọ́ìlì tó ki máa ń gbé préṣọ̀ rẹ̀ sókè. Ó lè ràn án lọ́wọ́ fún ọdún kan sí i. Ṣùgbọ́n ó ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni, kò wò ó sàn. Kí èèyàn tó sá lọ sí 50, 10W-40 tàbí 5W-40 wà láàárín.

Ní ti orúkọ ńlá àti orúkọ ilé, ẹ jẹ́ ká rántí bí àwọn orúkọ yẹn ṣe ń yí ọwọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, àwọn àgbà ò parọ́, àmọ́ ọwọ́ ta ló wà báyìí? Ọdún 1979 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, gba BP mọ́ wọn lọ́wọ́, tó di African Petroleum. Ẹ ó ṣì rí àgbàlagbà ní Ṣápọ́n tó ń bèèrè Visco 2000 títí di òní. African Petroleum náà ti di Forte Oil, Forte Oil ti di Ardova. Ti Esso di Unipetrol, Unipetrol di Oando. Ti Shell di National, National di Conoil. Texaco di MRS. Mobil Oil Nigeria bọ́ sọ́wọ́ NIPCO, ó di 11 Plc, wọ́n sì ń bá a lọ láti máa ta ọ́ìlì Mobil. Ọ́ìlì Castrol tó wà lórí igbá wa, Eterna ló ń pín in. Castrol fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1899 lọ́wọ́ Charles Wakefield, inú òróró láàrà tí wọ́n ń pò mọ́ ọ́ìlì rẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, àmọ́ láti ọdún 2000 ni BP ti ra ilé-iṣẹ́ náà.

Mi ò sọ pé wọ́n dáa, mi ò sọ pé wọn ò dáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé tí bàbá rẹ ní nínú orúkọ kan ní 1985, àwọn tó ń pò ó nígbà náà ló fi fún, ìlànà tí wọ́n fi ń pò ó nígbà náà ti di ìtàn.

Ohun kan tún wà tí àwọn olólùfẹ́ orúkọ kì í mọ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ ọ́ìlì púpọ̀ tó ń ṣe èròjà inú rẹ̀ fúnra wọn. Mẹ́rin ló gbajúmọ̀ jù lágbàáyé nínú àwọn tó ń ṣe àpapọ̀ èròjà yẹn: Lubrizol, Infineum, Afton àti Chevron Oronite. Orúkọ ńlá ń rà lọ́wọ́ wọn, orúkọ ilé náà ń rà lọ́wọ́ wọn. Nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kẹ́ẹ̀gì ló jẹ́ ọ́ìlì ìpìlẹ̀, èyí tó kù ni èròjà: síńkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń dáàbò bo irin, kálísíọ̀mù tó ń fọ inú ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń gbé ìdọ̀tí lọ́wọ́ kó má bàa jókòó, àti èyí tí kì í jẹ́ kó hó. Ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tó ra àpapọ̀ tó yẹ fún SN, tó sì fi iye tó yẹ sí i, ọ́ìlì rẹ̀ á ṣiṣẹ́ SN. Lubcon wà ní Ìlọrin níbẹ̀ yẹn, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni kó ọ́ìlì la òkun kọjá kó tó lè ṣiṣẹ́ nínú Corolla.

---

Alọ́ìlìLáfẹ́nwá

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Èmi fẹ́ sọ ti kẹ́ẹ̀gì tí nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀, nítorí orúkọ tó bá gbajúmọ̀ jù ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù. Kò sẹ́ni tó máa jókòó ṣe ayédèrú ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè.

Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kọ́ńdẹ́m (ọ́ìlì àlòkù) tí wọ́n jẹ́ kó silẹ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n fi ásíìdì àti amọ̀ bó láwọ̀, tí wọ́n sì dà padà sínú kẹ́ẹ̀gì ojúlówó tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn akó-àlòkù. Ìkejì ló le jù láti mọ̀: ọ́ìlì ìpìlẹ̀ lásán, kò sí èròjà kankan nínú rẹ̀, ó mọ́ gaara, wọ́n á fi aró díẹ̀ sí i, á máa dán bí oyin. Èyí kò ní pa ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan. Yóò kàn máa jẹ kámṣáàfù àti ríìngì díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ á sì máa dì.

Nítorí náà, àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí. Òrùka ike tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì so pọ̀ mọ́ ọn, kó má sì sí àpá gúlúù. Bí bébà dídán bá wà lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì, kó lẹ̀ mọ́ ọn yíká láìsí ibi tó wú. Ẹ wá nọ́ńbà bátíìṣì àti ọjọ́ tí wọ́n dì í. Ẹ fi àtàǹpàkò tó lómi ra á: ti ojúlówó kì í tètè pa. Lẹ́yìn náà, ẹ yí kẹ́ẹ̀gì padà, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì ní àmì róbótó kan tó ń sọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe ike náà. Bí ike bá jẹ́ ti ọdún yìí, tí ọjọ́ tí wọ́n kọ pé wọ́n da ọ́ìlì sí i sì jẹ́ ti ọdún tó kọjá, ẹ gbé e padà sórí igbá.

Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n náà. Ọ́ìlì fúyẹ́ ju omi lọ. Lítà 4 ọ́ìlì máa ń wọ̀n tó kílò 3.4 sí 3.5, láìka ike. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹran tútù ní Kútọ̀ tó fún iṣẹ́ yìí. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dín tó ìdajì kílò, wọn ò kún un tàbí kí ó jẹ́ nǹkan mìíràn.

Bí ẹ bá ti rà á tí ọkàn yín ò balẹ̀, ẹ bu ìwọ̀n ife kékeré kan sínú ìgò, ẹ gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì. 5W-30 tó jẹ́ ojúlówó á ṣì máa ṣàn, bó tiẹ̀ ń fà díẹ̀. Bó bá dì gbagidi bí òrí, 5W-30 kọ́ nìyẹn. Àyẹ̀wò yìí kò ṣe é fi dá 20W-50 lẹ́jọ́, torí òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ràn òtútù.

Àwọn kan máa ń bèèrè nọ́ńbà NAFDAC lára kẹ́ẹ̀gì. Oúnjẹ àti oògùn ni ti NAFDAC. SON, àjọ tó ń mójú tó ìlànà ọjà, ló ń mójú tó ọ́ìlì, àmì MANCAP sì ni ti èyí tí wọ́n ń pò nílé. Ọ́ìlì tó bá ní ìwé àṣẹ API, ẹ lè wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì API fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì ló kọ "API SN" sára láìsí nínú ìwé wọn.

Ẹ rà á ní ilé epo ilé-iṣẹ́ náà tàbí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fún ní ìwé pé kó máa pín in. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ nọ́ńbà bátíìṣì sí i. Ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n láti inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ má rà á, àfi tí wọ́n bá já síìlì rẹ̀ lójú yín. Ní tèmi, ẹni tí ẹ ti ń ra ọjà ni kí ẹ dúró tì ju orúkọ ara kẹ́ẹ̀gì lọ.

---

ỌmọÌtòkú06

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, màmá wa Láfẹ́nwá. Géèjì máa ń ti F (àmì pé ó kún) bọ̀ sí àárín kí ó tó pé kìlómítà 3,000. Kò tú èéfín, iná ọ́ìlì ò ṣẹ́jú. 20W-50 ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lò. Bí mo bá fẹ́ padà sí 5W-30, báwo ni kí n ṣe é tí ẹrẹ̀ tí ẹ wí yẹn kò fi ní dí pọ́ọ̀ǹpù?

---

MẹkáníìkìAsẹ́rò

Láàárín L (àmì pé ó kéré jù) sí F nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó nǹkan bíi lítà 1 sí 1.5. Ìdajì rẹ̀ nínú kìlómítà 3,000 kò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin lítà lọ fún 1,000. Toyota gbà kí ẹ́ńjìnnì jẹ tó lítà 1 fún kìlómítà 1,000 kí wọ́n tó pè é ní àìsàn. Tìrẹ ò burú. Pààrọ̀ fáàfù PCV (èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì rí ọ̀nà jáde) nìkan. Bí o bá yọ ọ́, tí o mì í, ó gbọ́dọ̀ máa ró kẹ́tẹkẹ̀tẹ. Èyí tí kò bá ró ti dí, ọ́ìlì á sì máa gba ibòmíràn jáde. Àwọn 1ZZ àkọ́kọ́, ti ìparí àwọn ọdún 1990 sí bíi 2002, ni ihò ọ́ìlì píísítíìnì wọn kéré tó fi ń jẹ ọ́ìlì. Tìrẹ dé lẹ́yìn wọn.

Kó o tó ra ohunkóhun, ṣí ìdérí ọ́ìlì, fi tọ́ọ̀ṣì wo inú. Bí irin inú rẹ̀ bá pọ́n bí epo pupa tó gbẹ mọ́ ìkòkò, ó dáa, o lè bọ́ sí 5W-30 tààrà. Bí ohun dúdú tó ki bí ọṣẹ dúdú bá lẹ̀ mọ́ ọn, má yára. Má ra oògùn ìfọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì, tí wọ́n á wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òun gan-an ló ń tú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní kí wọ́n tú sọ́ńpù, kí wọ́n fọ ajọ̀ ẹnu pọ́ọ̀ǹpù pẹ̀lú ọwọ́, kí wọ́n fọ ajọ̀ fáàfù VVT-i náà.

Bó bá ti mọ́, báyìí ni kó o ṣe é. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, kó má gbóná débi tó máa jó ọ lọ́wọ́. Gbé mọ́tò sókè, fi irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Sípánà 14 ló ń tú bóòtì ìsàlẹ̀. Jẹ́ kó ṣàn títí tó fi máa kán tó-tó-tó, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò pọ̀ jù. Fi wáṣà tuntun sí bóòtì (nọ́ńbà rẹ̀ ni 90430-12031), kí o sì dè é ní 37 Nm. Àṣejù níbí ló ń ba ìlà yíyí inú ihò bóòtì jẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi róbà àti gúlúù dí i.

Fílítà ti 1ZZ rẹ ni 90915-YZZF2. Bó o bá tú èyí tó gbó, wo ara ẹ́ńjìnnì dáadáa bóyá róbà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Róbà méjì lórí ara wọn, gbogbo ọ́ìlì ló máa tú sójú ọ̀nà kó o tó dé Ìbarà. Fi ìka fi ọ́ìlì tuntun pa róbà fílítà, fi ọwọ́ dè é títí tó fi kan ara ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà yí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sí i. Má fi rẹ́ǹṣì dè é.

Lítà 3.7 ni 1ZZ ń gbà tí a bá pààrọ̀ fílítà. Má da gbogbo kẹ́ẹ̀gì lítà 4 sí i. Ọ́ìlì tó bá ju F lọ ni kírànkí á máa nà bí ẹni ń lu ẹyin, á hó, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, préṣọ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀. Da bíi 3.4 sí i, táàtì, jẹ́ kí iná ọ́ìlì kú, ka ìṣẹ́jú kan, pa á. Dúró ní ilẹ̀ tó tẹ́jú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wo géèjì, kó o tó fi díẹ̀díẹ̀ dé F.

Ọ́ìlì àkọ́kọ́ yìí, SN tàbí SP ni kó jẹ́, má jẹ́ kó ju kìlómítà 2,000 lọ. Dà á nù pẹ̀lú fílítà. Ìkejì, 3,000. Láti ìkẹta, o lè wá bọ́ sí iye tó yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ. Bí o bá gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ lókè ẹ́ńjìnnì nígbà tó gbóná, tàbí tí iná ọ́ìlì ń ṣẹ́jú lójú kan, má kàn sá padà sí 50. Kí wọ́n tú sẹ́ńsọ̀ préṣọ̀, kí wọ́n de géèjì préṣọ̀ mọ́ ibẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí préṣọ̀ bá kéré, gbìyànjú 10W-40.

---

AwakọÌyànàMọ́ṣúárì

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ iye kìlómítà kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí mọ́tò bá ń rin kìlómítà 60 ní wákàtí kan, 5,000 jẹ́ bíi wákàtí 83. Bó bá ń rìn ní 20 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, 5,000 kan náà jẹ́ wákàtí 250. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ojú kìlómítà dúró. Fún ìrìn Kútọ̀ sí Pánsẹ́kẹ́ lójoojúmọ́, 4,000 tàbí oṣù mẹ́rin ni kí ọmọ Ìtòkú fi mọ. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀nà Ṣágámù nìkan ló ń gbà lè lò ó dé 5,000 tàbí kó kọjá díẹ̀, tó bá jẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n kọ "fully synthetic" sí.

Ohun kejì ni dídúdú. Àwọn kan pa orúkọ ọ́ìlì dáadáa rẹ́ lọ́jà nítorí pé ó tètè dúdú, wọ́n sì ń yin èyí tó ṣì pọ́n ní kìlómítà 4,000. Òdìkejì ló sún mọ́ òótọ́. Ọ́ìlì tó ń fọ inú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbé ìdọ̀tí lọ́wọ́, kó sì dúdú. Èyí tó mọ́ gaara lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nínú ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, ẹ bi ara yín pé ibo ni ìdọ̀tí náà wà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó yí, ẹ kán ẹ̀kán kan láti ara géèjì sórí bébà ìnudí funfun, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Bó bá tàn káàkiri tí àwọ̀ rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí gbogbo dúdú bá kó jọ sí àárín gbùngbùn, tí etí rẹ̀ sì jẹ́ òróró lásán, ó ti tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Camry 2.4 ti 2007 sí 2009, ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ọ́ìlì gba owó lọ́wọ́ yín. Píísítíìnì àti ríìngì ló ń fà á tí wọ́n fi ń jẹ ọ́ìlì. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè fi kẹ́ẹ̀gì wò ó. Ẹ máa wo géèjì lọ́jọ́ Sátidé gbogbo, ẹ máa bù kún un, títí ẹ ó fi tú ẹ́ńjìnnì.

---

ỌmọÌtòkú06

Ó ti yé mi. Mo ti tọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, pupa ló wà, kò sí ọṣẹ dúdú. Ìbéèrè kékeré kan ló kù: lítà 0.3 tó máa ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì, àti kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo, àti kọ́ńdẹ́m tí wọ́n máa dà jáde, kí ni kí n ṣe sí wọn?

---

Alọ́ìlìLáfẹ́nwá

Èyí tó ṣẹ́ kù, dé e pinpin, kọ 5W-30 àti ọjọ́ tí o ṣí i sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò tí kì í pa, fi sínú búùtù, kí ó dúró gangan. Òun ni wàá máa fi bù kún géèjì. Bó bá tán kó tó di ìgbà ìyípadà, tí èyí tó o rí níwájú sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, rà á, nọ́ńbà àti API rẹ̀ ni kó bá a mu. Kí ẹ́ńjìnnì mu ọ́ìlì ilé-iṣẹ́ méjì sàn ju kó rìn lábẹ́ L lọ.

Kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo, má fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bó ti wù kí ẹ mọ ara yín tó. Fi ọ̀bẹ gé ọrùn rẹ̀, fi irin gbígbóná lu ìdí rẹ̀ níbi àmì róbótó yẹn, kí o sì fa bébà ara rẹ̀ ya. Kọ́ńdẹ́m, dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó ti gbó tí ara rẹ̀ kò ní orúkọ, gbé e fún àwọn tó ń rọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n máa ń fi pa mọ́ọ̀dì. Kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà, torí òjò kan ló máa gbé e dé Odò Ògùn. Fílítà tó gbó, lu ihò sí orí rẹ̀, dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí kọ́ńdẹ́m yẹn di ọjọ́ kejì kó o tó jù ú nù. Ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ.